Ẹni Bíni Là Á Jọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀rá Ẹ̀jẹ̀ Tí A Jogún

"Ẹni bíni là á jọ." Báyìí ni àwọn àgbà máa ń wí nígbà tí wọ́n bá rí ọmọ tí ó ń rìn gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti ń rìn, tàbí tí ó ń rẹ́rìn-ín gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Láàárín àwa tí a ń gbé Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkokomáíkò, kò sí agbo ilé tí a kì í ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àlejò yóò wọlé, yóò wo ọmọ tí ó ń gbálẹ̀, yóò sì wí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ojú bàbá rẹ àgbà ni o gbé wá sáyé." Inú gbogbo ilé a sì dùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú, imú àti ìrìn nìkan ni òbí ń fi fún ọmọ. Ogún mìíràn wà tí ojú kò rí. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà. Ẹni tí ó fi í sílẹ̀ kò mọ̀ pé òun fi í sílẹ̀, ẹni tí ó jẹ ẹ́ kò sì mọ̀ pé òun jẹ ẹ́. Ọ̀kan nínú irú ogún bẹ́ẹ̀ ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ẹ̀kọ́ yìí, èyí ni ọ̀rá àpọ̀jù inú ẹ̀jẹ̀ tí a jogún lọ́wọ́ òbí.

Ìdílé Kan

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìdílé kan. Baálé ilé náà ní ìsọ̀ ní ọjà Àlàbá, ó sì ń gbé ní Òkokomáíkò pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Kò sanra, kì í fa sìgá, kì í mu ọtí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ti ń ṣí ìsọ̀ rẹ̀, ó di àyà mú, òógùn bò ó, ó sì ṣubú lulẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́. Ẹni ọdún 43 ni.

Nígbà tí àwọn ẹbí péjọ, wọ́n rántí pé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú kú lójijì nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 47, àti pé àbúrò bàbá rẹ̀ ṣubú kú lọ́nà oko nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 45. Ẹ̀rù ba gbogbo wọn. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò sì pẹ́ tí gbogbo ojú fi yí sí ìyá arúgbó kan tí ń gbé ní Ìba. Ẹ̀gbọ́n bàbá olóògbé náà ni ìyá yìí, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ní, "Kí ni ó dé tí àwọn ọmọkùnrin ń kú, tí òun nìkan sì ń pẹ́ láyé?"

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?" Ṣùgbọ́n nínú ilé tí à ń wí yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ igbe àjẹ́. Ikú ni wọ́n rí, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Bí wọ́n ti ń ṣọ́ ìyá arúgbó náà lójú méjèèjì, ohun tí ó pa bàbá ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ.

Kí Ni Ọ̀rá Yìí?

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Kì í ṣe ọ̀tá wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àti àwọn ẹ̀yà ara wa mìíràn ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyókù ni ó ń ti inú oúnjẹ wá. Ara ń lò ó láti fi mọ ògiri àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Òun ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro tí ń bá wa da oúnjẹ ọlọ́ràá nínú. Òun náà ni ara fi ń ṣe àwọn èròjà tí ń sọ ọmọdékùnrin di ọkùnrin, tí ó sì ń sọ ọmọdébìnrin di obìnrin. Ẹni tí kò bá ní in rárá kò lè wà láàyè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í pò mọ́ omi, omi ni ó sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà ni ara ṣe ń di ọ̀rá yìí sínú àwọn ẹrù wínníwínní, kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé e kiri. Oríṣi ẹrù kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní LDL. Òun ni ó ń gbé ọ̀rá kiri ara, òun náà ni ó sì ń fa wàhálà bí ó bá pọ̀ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì yóò tètè mọ bí ọ̀ràn náà ti rí. Ẹ jẹ́ kí a pe iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀nà márosẹ̀, kí a pe LDL ní ọkọ̀ akẹ́rù, kí a sì pe ẹ̀dọ̀ ní ọjà tí àwọn ọkọ̀ náà ń lọ já ẹrù sí. Ọjà náà ní ẹnu ọ̀nà púpọ̀. Bí gbogbo ẹnu ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀, bí ọkọ̀ ti ń dé ni yóò máa wọlé, ọ̀nà yóò sì mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ìdajì àwọn ẹnu ọ̀nà náà pa ńkọ́? Àwọn ọkọ̀ yóò tò láti Òkokomáíkò títí dé Mile 2. Àwọn mìíràn yóò dà ẹrù wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì, títì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń rí nínú ara ẹni tí ó jogún àrùn yìí. Ọ̀rá ń lẹ̀ mọ́ ògiri inú iṣan ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà èwe, ọdún dé, ọdún lọ, láìsí ìrora kankan. Ní ọjọ́ kan, òkìtì ọ̀rá náà lè sán, ẹ̀jẹ̀ a sì dì lé e lórí, a dí ọ̀nà pátápátá. Bí ó bá jẹ́ iṣan tí ń bọ́ ọkàn ni, ẹran ara ọkàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí ó bá jẹ́ iṣan tí ń lọ sí ọpọlọ ni, àrùn ẹ̀gbà lè dé. Àwọn ènìyàn yóò wí pé òjijì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ń kó ara rẹ̀ jọ fún 40 ọdún kò ṣe é pè ní òjijì.

Bí A Ṣe Ń Jogún Rẹ̀

Gbogbo yín ni ẹ ti gbọ́ nípa àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń torí rẹ̀ bi ọ̀dọ́ léèrè bóyá AA, AS tàbí SS ni wọ́n jẹ́. Ẹ mọ̀ pé méjì-méjì ni àbùdá wa. A gba ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá, a sì gba èkejì lọ́wọ́ ìyá. Ọmọ kò lè jẹ́ SS àfi bí àwọn òbí méjèèjì bá fún un ní S. Ẹni tí ó bá jẹ́ AS kì í sábà mọ ohunkóhun lára.

Ti ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ yìí yàtọ̀. Òbí kan ṣoṣo tó láti fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Bí ọ̀kan nínú àbùdá méjì tí ń bójú tó àwọn ẹnu ọ̀nà ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́, nǹkan bí ìdajì ẹnu ọ̀nà ni yóò kù tí ń ṣiṣẹ́, ọ̀rá LDL a sì ga sókè láti ọjọ́ tí a ti bí ọmọ náà. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan wà láàárín méjì: bóyá yóò gbà á, bóyá kò sì ní í gbà á, gẹ́gẹ́ bí ẹni ta owó ẹyọ sókè. Ọkùnrin lè gbà á, obìnrin lè gbà á. Níwọ̀n ìgbà púpọ̀, ẹni tí kò bá gbà á kò ní ohun tí yóò fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́.

Bí àwọn òbí méjèèjì bá ní in, tí ọmọ sì gba àbùdá tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ti ọmọ bẹ́ẹ̀ le púpọ̀. Àrùn ọkàn lè mú un nígbà tí kò tíì pé 20 ọdún. Ṣùgbọ́n irú èyí ṣọ̀wọ́n gidigidi.

Ǹjẹ́ ẹ wá mọ ìdí tí ìyá arúgbó Ìba fi pẹ́ láyé? Kì í ṣe pé ó jẹ ẹran ara ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a ta owó ẹyọ tirẹ̀ sókè, ojú rere ni ó fi lélẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn Tí Ó Tú Àṣírí Náà

Ní ọdún 1938, oníṣègùn kan ní orílẹ̀-èdè Norway, Carl Müller, kọ̀wé nípa àwọn ìdílé tí ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí kókó ọ̀rá ń yọ ní ara wọn, tí àrùn ọkàn sì ń pa wọ́n. Ó fi hàn pé ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rìn pọ̀ láti ìran dé ìran. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tíì mọ ìdí rẹ̀. Láti ọdún 1973 ni Michael Brown àti Joseph Goldstein, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé àwọn ẹnu ọ̀nà tí a sọ̀rọ̀ wọn lókè ni ó dín kù. Iṣẹ́ yìí ni ó mú kí a fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1985.

Ní àkókò kan náà, ará Japan kan, Akira Endo, ń wá oògùn. Ó yẹ oríṣi olú kéékèèké tí ó tó 6,000 wò, irú àwọn tí ń mú kí búrẹ́dì bu. Ní ọdún 1973 ó rí èròjà kan lára ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dín ọ̀rá tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù. Láti ibẹ̀ ni ìdílé oògùn tí à ń pè ní statin ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1987 ni a kọ́kọ́ gba ọ̀kan nínú wọn láyè fún lílò ní Amẹ́ríkà.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa ènìyàn dúdú. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé rí àbùdá kan tí a ń pè ní PCSK9, tí àṣìṣe inú rẹ̀ ń gbé ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ ga nínú àwọn ìdílé kan. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ní Dallas tún rí i pé nínú ènìyàn dúdú 100, nǹkan bí ènìyàn 2 ni ó ní irú àyípadà mìíràn nínú àbùdá yìí kan náà, èyí tí ó ń mú kí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀. Ní ọdún 2006 wọ́n fi hàn pé àrùn ọkàn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Láti inú ẹ̀kọ́ yìí ni abẹ́rẹ́ tuntun fún àrùn náà ti jáde, tí a sì gbà á láyè ní ọdún 2015. Nítorí náà, bí ogún burúkú ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ogún rere wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ wà lára ohun tí ó fi ọ̀nà oògùn han gbogbo ayé.

Ǹjẹ́ Àrùn Òyìnbó Ni?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wí pé àrùn òyìnbó àti olówó ni ọ̀rá ẹ̀jẹ̀. A mọ ibi tí èrò náà ti wá. Láti ọdún 1992, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn aṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ará Yunifásítì Indiana ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìbàdàn wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ti Ìbàdàn kéré sí ti àwọn ti Amẹ́ríkà.

Òtítọ́ ni èyí; ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Apẹja Ọ̀jọ́ mọ̀ pé ọ̀sà lè mọ ènìyàn ní orúnkún ní ibi púpọ̀, síbẹ̀ kí ó ní ibi jíjìn tí ń gbé ènìyàn mì. Bí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ Yorùbá bá tilẹ̀ kéré, kò gba ẹni tí ó jogún àrùn yìí là. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé káàkiri ayé, nǹkan bí ẹnì kan nínú 250 ni ó ní in, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀.

Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Ọ́n

Àmì máa ń yọ lára àwọn kan. Kókó líle lè yọ ní iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ tàbí ní oríkèé ìka ọwọ́. Ọ̀rá pupa rúsúrúsú lè yọ ní ìpéǹpéjú. Òrùka funfun lè yí ẹyinjú ká. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojú àgbàlagbà ni, ọjọ́ ogbó lásán lè fa èyí. Ọ̀pọ̀ ni kò ní àmì kankan, pàápàá ní ìgbà èwe. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ojú lásán dá ara rẹ̀ láre tàbí dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó ń sọ òtítọ́. Bí LDL àgbàlagbà bá tó mílígíráàmù 190 nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan, èyí tí ìwé àyẹ̀wò mìíràn ń kọ ní 4.9, ó yẹ kí oníṣègùn fura sí i pé bóyá ogún ìdílé ni. Yóò bi í léèrè pé: Ta ni ó kú lójijì nínú ẹbí yín? Ọmọ ọdún mélòó ni? Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ ìtàn ikú inú ilé wa, kí a má sì fi í pamọ́. Ẹni tí ó bá ń gbé agbègbè wa lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ìlera tí ó súnmọ́ ọn. Bí ọ̀ràn bá le, wọn yóò kọ̀wé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú èyí tí ó wà ní Ìdí-Àràbà tàbí Ìkẹjà.

Bí A Ṣe Ń Bá A Gbé

Èkíní ni oògùn. Nítorí pé àbùdá ni ó bàjẹ́, oúnjẹ nìkan kì í sábà tó láti mú ọ̀rá náà wálẹ̀. Oògùn statin lè dín LDL kù dé nǹkan bí ìdajì bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ tó, oníṣègùn a sì fi oògùn mìíràn kún un bí ó bá yẹ. Ojoojúmọ́ ni a ń lò ó, títí ayé. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ara kì í dun aláìsàn náà. Ọ̀dọ́ a máa wí pé, "Kò sí ohun tí ń ṣe mí, kí ni mo ń lo oògùn fún?" Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ kò ní í rí ìyà rẹ̀ lónìí, kò sì ní í rí i lọ́la, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni yóò rí i. Obìnrin tí ó bá fẹ́ lóyún gbọdọ̀ kọ́kọ́ sọ fún oníṣègùn rẹ̀, nítorí pé a sábà máa ń dá statin dúró nígbà oyún.

Èkejì ni oúnjẹ. Kí a dín ọ̀rá ẹran, ìfun, ọpọlọ ẹran àti bọ́tà kù. Epo pupa kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ ni ó jẹ́ irú èyí tí ń gbé LDL ga. Ti epo àgbọn, tí ó pọ̀ lọ́nà Àgbádárìgì, tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a máa fi ìwọ̀nba sè. Ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso dára fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn baba ńlá wa Àwórì tí ó tẹ Ọ̀jọ́ àti Ìba dó fẹ́ràn ẹja, inú omi wa ni ó sì wà títí di òní. Ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá: kí ẹni tí ó yẹ kí ó lo oògùn má ṣe sọ pé òun ti ṣíwọ́ ọ̀rá ẹran, ó ti tán. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó má fi àgbo rọ́pò oògùn.

Ẹ̀kẹta, kí ó má fa sìgá rárá, kí ó máa rìn tàbí kí ó máa ṣeré ìdárayá, kí ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń bá ọ̀rá ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí a sì ń gbàgbé jù, ni ẹbí. Bí a bá rí ẹnì kan tí ó ní in, kí a pe àwọn òbí, ọmọ ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. A lè yẹ ọmọ wò nígbà tí ó bá tó nǹkan bí ọdún 10, oníṣègùn yóò sì sọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ oògùn. Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀kan ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ìparí

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé tí ó wà ní Òkokomáíkò. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ti ka irú ẹ̀kọ́ yìí, yóò dìde láàárín àwọn ẹbí, yóò sì wí pé, "Kí a tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ọmọ mẹ́ta yìí lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò." Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé méjì nínú wọn ní in, wọn yóò sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún ẹni tí ó mọ ọ̀tá rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹkún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ méjì náà pẹ́ láyé ju bàbá wọn lọ, kí wọ́n sì bí ọmọ tiwọn. Nígbà náà ni àwọn ẹbí yóò lọ sí Ìba, wọn yóò kúnlẹ̀, wọn yóò dọ̀bálẹ̀, wọn yóò sì wí pé, "Màmá, ẹ foríjì wá."

A kò yan ẹni tí ó bí wa, a kò sì yan ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún wa. Ìtìjú kò sí nínú rẹ̀, èpè kò sì sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ogún tí òun jẹ, tí ó sì kọ̀ láti tọ́jú ara rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣe ara rẹ̀.

Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀

Àbùdá: ohun inú ara tí ọmọ ń gbà lọ́wọ́ òbí, tí ó ń sọ bí ara rẹ̀ yóò ti rí.
Ọ̀nà márosẹ̀: títì ńlá tí ó gùn láti ìlú dé ìlú.
Ìpíndọ́gba: iye tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan bí a bá pín àpapọ̀ ní ọgbọọgba.
Ìpéǹpéjú: awọ tí ó ń bo ẹyinjú.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó mú kí àwọn ẹbí olóògbé fura sí ìyá arúgbó tí ń gbé ní Ìba? Kí ni òótọ́ ìdí tí ó fi pẹ́ láyé?
2. Ṣàlàyé bí a ṣe fi ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ṣe àpèjúwe iṣan ẹ̀jẹ̀.
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín bí ọmọ ṣe ń jẹ́ SS àti bí ó ṣe ń jogún ọ̀rá ẹ̀jẹ̀?
4. Kí ni Akira Endo rí, ní ọdún wo sì ni?
5. "A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá." Sọ bí òwe yìí ṣe kan ìtọ́jú àrùn náà.
6. Kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó ti fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ara kò dùn ún, kí o sì rọ̀ ọ́ pé kí ó padà sí i.